Ìlù Mẹ́fà, Ọmọ Mọ́kànlélógójì

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù ní hóòsìtẹ́ẹ̀lì, bí a bá ti ń múra láàárọ̀ Sátidé tí àwọn yòókù ṣì ń hanrun, ni pé: "Èló ni wọ́n tiẹ̀ ń san fún yín níbẹ̀?" Bí a bá ní wọn ò san nǹkan kan, ìbéèrè kejì á tẹ̀lé e: "Ṣé wọ́n máa fún yín ní sátífíkéètì ni?" Wọn kì í fún wa ní sátífíkéètì. Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n á wá máa wò wá bí ìgbà téèyàn ń wo ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní jìbìtì. Ìdí nìyí tí a fi ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá tún fẹ́ béèrè lè rí ibi kà á.

Àwa méje ni. Márùn-ún nínú wa wà ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, méjì wà ní Yabatech. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2022 ló kó wa débẹ̀. Ẹ ò tíì gbàgbé: ọjọ́ 14 oṣù Kejì ló bẹ̀rẹ̀, oṣù kan péré ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣèkìlọ̀ fún ìjọba. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Láàárín ìgbà yẹn, ẹnìkan nínú wa ń ta dátà, ẹnìkan ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ ní Tẹ́júoṣó, ẹnìkan ń sùn. (Àwọn ará Yabatech wà nínú kíláàsì ní tiwọn, wọ́n sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dé góńgó. A ti dárí jì wọ́n.) Ọ̀kan nínú wa ní àbúrò ìyá kan tó ń gbé ní Muṣin, lápá Ọlọ́runṣògo. Òun ló sọ fún wa pé àwọn kan máa ń kó ọmọdé jọ sẹ́yìn ilé òun ní gbogbo Sátidé, pé wọ́n ń kọ́ wọn ní ìlù, ijó àti eré orí ìtàgé, pé ariwo wọn kì í jẹ́ kí òun sinmi, àti pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí nǹkan ṣe bá lè lọ bá wọn ṣètò ara wọn, bóyá ariwo náà á dín kù. Báyìí la ṣe débẹ̀. Ariwo náà kò dín kù.

A ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe ohun tó burú. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ fọ́tò wà nínú ohun tí a fẹ́ sọ, àwọn tó máa ń dá owó fún wọn náà sì mọ̀wé kà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ló dá a sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Àǹtí, títí kan àwọn àgbàlagbà tó bí i lọ́mọ, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó háyà àgbàlá kan lẹ́yìn ilé alájà kan, ó fi páànù bo ìdajì rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, àwọn ọmọ kékeré á wọ abẹ́ páànù, àwọn tó dàgbà á lọ fún ara wọn mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé. Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀: bẹ́ńṣì mẹ́rin, pátákó ìkọ̀wé kan tó ti là níbùú, àpótí aṣọ eré kan, àti ìlù mẹ́fà. Ìyáàlù dùndún kan, kẹríkẹrì kan, gángan méjì, ìṣáájú kan, gúdúgúdú kan. Orúkọ ọmọ mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìwé nígbà tí a dé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé oúnjẹ máa wà, wọ́n á lé ní àádọ́ta.

Báwo ni ọmọ mọ́kànlélógójì ṣe ń pín ìlù mẹ́fà? Lọ́dọ̀ Bàbá Onílù, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ìṣòro rárá. Ọmọ Àyàn ni Bàbá, láti agbègbè Ọ̀yọ́. Òde ìgbéyàwó àti òde ìsìnkú ló fi ń jẹun, ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ fi gbọ́dọ̀ parí ní agogo kan ọ̀sán, kí ó lè bá òde ìrọ̀lẹ́ lọ. Bàbá kì í jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan ìlù láìjẹ́ pé ó ti lè fi ẹnu lù ú. Ọmọ á kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ìlù fẹ́ sọ. Á tún un sọ láìla ẹnu, kó máa kùn ún nínú imú, kó lè jẹ́ pé ohùn nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ lu itan ara rẹ̀. Ó lè tó oṣù méjì kí ó tó di kọ̀ǹgọ́ mú. Nítorí náà, ìlù mẹ́fà náà tó o. Ẹnu ni kò gbọdọ̀ wọ́n.

Ìdí gúdúgúdú ni Bàbá máa ń fi ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ̀ǹgọ́ sí, tàbí ká sọ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bílálà, nítorí bílálà méjì ni wọ́n fi ń lu gúdúgúdú. Ojú kan ṣoṣo ló ní, wọ́n á fi ìda lé ojú awọ rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè le. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ ẹ. Kì í ki ènìyàn, kì í pe orúkọ, kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohùn kan náà ló ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó bá sì sáré díẹ̀ péré, gbogbo agbo dàrú. Ìyáàlù ni gbogbo wọn fẹ́ gbé kọ́ èjìká, pẹ̀lú ṣaworo tó ń dún lára rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà yẹn, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ní òun fẹ́ gúdúgúdú, pé òun kò fẹ́ ìlù mìíràn. A bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Tí mo bá dáwọ́ dúró, gbogbo yín lẹ máa mọ̀." Ẹ máa rántí ọmọ yìí, a ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ tiwa? Ní oṣù àkọ́kọ́, omi la ń gbé, ìwé la ń mú, a sì ń bá àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ń lọ kọ́ àwọn kan ní nǹkan ńlá ni. Ìgbálẹ̀ ni nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé wa lọ́wọ́. Ibi tí a ti wúlò gan-an wá hàn nígbà tó yá, ó sì bá wa lójijì. Muṣin ni ibí yìí. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ló wà nínú ìwé Àǹtí. Àwọn ọmọ Ígbò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, ọmọ Hausa méjì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá pàápàá, Yorùbá ìta ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ; wọn kò mọ ohun tí ìlù ń wí. Bàbá Onílù á sọ gbólóhùn kan, wọ́n á tún un sọ bí ayékòótọ́.

Ẹnìkan nínú wa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ló gbé páálí kan wá, ó fa ìlà mẹ́ta sí i: dò nísàlẹ̀, re láàárín, mí lókè. Ó kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sórí pátákó, ó ní kí Bàbá fi gángan sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ máa na ìka sí ìlà tó bá bá a mu. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú kíláàsì ibi tí olùkọ́ ti ń bẹ yín pé kí ẹ jọ̀ọ́ fi àmì ohùn sí orí ọ̀rọ̀, ẹ wá wo ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó fi àmì òkè síbi tí kò yẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n láìṣì ni ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ígbò, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládiípọ̀. Ó ya àwọn ọmọ yòókù lẹ́nu. Kò ya onímọ̀ èdè wa lẹ́nu: èdè Ígbò náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, etí ọmọ náà ti là láti ilé.

Àwọn ìyá ni wọ́n ṣòroó bá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wá sí àgbàlá ní Sátidé kẹta tí a débẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, ẹ wá ń sọ ọmọ tèmi di alágbe." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n a mọ ibi tó ti wá. Onílù tí a ń rí ní Èkó lónìí, ẹnu ọ̀nà ilé àríyá ló wà, ó ń ki àlejò tó ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyá wo ló gbàdúrà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ? Àwọn mìíràn ní pásítọ̀ àwọn sọ pé òrìṣà wà nínú ìlù. Bàbá Onílù, tí ó jẹ́ mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ọ̀sán jáfara, kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni. Àǹtí ní òfin kan tó fi ń dáhùn gbogbo rẹ̀: ọmọ tí kò bá mú ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dání ní àárọ̀ Sátidé, tí a ò rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn níbẹ̀, kò ní wọ agbo. Ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ ọjọ́ náà mú un padà wá lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tó rí i pé ọmọ aládùúgbò òun tó ń wá síbẹ̀ ti ń kàwé.

Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe tuntun lápá ibi tí a wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní Akọka kò mọ̀. Bàrígà tí ẹ ń kọjá nínú rẹ̀ lọ sílé, tí ẹ máa ń di báàgì yín mú dáadáa bí ẹ bá débẹ̀, níbẹ̀ ni Crown Troupe of Africa fìdí kalẹ̀ sí, ẹgbẹ́ tí Segun Adefila dá sílẹ̀ ní 1996. Ijó, orin, ewì àti eré ni wọ́n máa ń pò pọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àdúgbò ló sì ti gba ọwọ́ wọn kọjá. Bàrígà yẹn náà ni Seun Awobajo ti ń kó àwọn ọmọdé jọ lábẹ́ orúkọ Footprints of David, tí wọ́n ń kọ́ ìlù, ijó àti eré. Bí wọ́n bá dárúkọ Bàrígà lórí rédíò, ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ló sáàbà máa ń jẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ ti gbọ́ nǹkan mìíràn báyìí.

Bí a bá tún padà sẹ́yìn, a ó dé Òṣogbo. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbari Mbayo, ibi tí ará ìlú lè wọlé wá wo eré àti àwòrán. Ní 1964, Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀dà. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Jimoh Buraimoh, tó di gbajúmọ̀ ayàwòrán lẹ́yìn náà, iná ìtàgé ló ń bójú tó fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀. Twins Seven-Seven, ijó ló ń jó tẹ̀lé àwọn tó ń polówó oògùn kiri nígbà tó dé Òṣogbo. Nígbà tí a sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé kí ni wọ́n ṣe sí ọtí tó ṣẹ́kù nínú ilé náà. A ò rí èsì fún wọn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ilé iṣẹ́ kan kọ̀wé sí Àǹtí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ san owó ilé ọdún méjì, àwọn fẹ́ ra ìlù mẹ́wàá. Àǹtí ka lẹ́tà náà sí wa létí lẹ́ẹ̀mejì. Owó ilé ń bọ̀ ní oṣù Kìíní, kò sì tíì sí kọ́bọ̀ nínú àpótí. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà padà ni pé kí àwọn ọmọ wá jó níbi àríyá òpin ọdún wọn ní Erékùṣù. Ìyẹn dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ẹni tó ń bójú tó ètò ọ̀hún fi ìwé mìíràn ránṣẹ́, èyí tó to fọ́tò tí wọ́n máa yà lẹ́sẹẹsẹ. Oríṣi méjì ni: ti "ṣáájú" àti ti "lẹ́yìn". Fún ti "ṣáájú", kí àwọn ọmọ wọ aṣọ tó ti gbó, kí wọ́n má wọ bàtà, kí wọ́n dúró sẹ́bàá gọ́tà. Fún ti "lẹ́yìn", wọ́n á wọ tíṣáàtì ilé iṣẹ́ náà, wọ́n á gbé ìlù tuntun kọ́rùn.

A jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́. A ò ní purọ́ fún yín, ohùn wa kò ṣọ̀kan. Àwọn mẹ́rin nínú wa ní kí Àǹtí gbà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Gọ́tà ṣáà wà níbẹ̀. Àwa kọ́ la gbẹ́ ẹ." Ó tún mú ọ̀rọ̀ Leap of Dance wá, ilé ẹ̀kọ́ ijó ballet tí Daniel Ajala dá sílẹ̀ ní Ajangbadi ní 2017. Ní 2020, fídíò ọmọ ọdún mọ́kànlá kan níbẹ̀, Anthony Mmesoma Madu, tó ń jó nínú òjò láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tí omi dúró sí, lọ káàkiri ayé. Fídíò yẹn ló ṣí ọ̀nà fún un, tó fi dé ilé ẹ̀kọ́ ballet ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá jẹ́ gbọ̀ngàn oníbáńtẹ̀ẹ́sì ló ti jó, ta ni ì bá wò ó? Ọ̀rọ̀ yìí le, a sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn mẹ́ta tó kù ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ijó ni ọmọ yẹn ń jó. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, òjò sì ń rọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ló fi fídíò síta, kí ayé lè rí ohun tí ọmọ náà mọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ bàtà kí àánú lè ṣe àwọn kan. Nínú ìwé tí wọ́n kọ sí Àǹtí, kò síbi kankan tí wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ lu ìlù nínú fọ́tò "ṣáájú". Wọ́n kàn fẹ́ kí wọ́n dúró ni. Ọmọ tó ti ń lu gúdúgúdú láti ọdún méjì, ṣé kó wá ṣe bí ẹni tí kò tíì fojú kan ìlù rí?

Àǹtí kò dá sí i. Ó ní kì í ṣe àwa la bí wọn. Ó pe àwọn òbí ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó ka ìwé méjèèjì sí wọn létí láìyọ nǹkan kan kúrò: owó ilé, ìlù mẹ́wàá, gọ́tà. Ọ̀rọ̀ tó gbà tó wákàtí méjì lọ́dọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dọ̀ wọn. Ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Ojúwòyè, tó jẹ́ pé láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n kò tíì sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ, ló dìde. Ó ní, "Ọmọ mi ní bàtà. Èmi ni mo rà á." Ó jókòó. Bàbá kan gbìyànjú láti sọ pé kí wọ́n ro ti owó ilé mọ́ ọn. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́ jókòó.

Àǹtí kọ̀wé padà pé àwọn ọmọ máa wá jó, pé wọ́n lè ya wọ́n ní fọ́tò bó bá ṣe wù wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń jó, ṣùgbọ́n ti "ṣáájú" kò ní ṣeé ṣe. Wọn kò fèsì. Nígbà tí òpin ọdún dé, a rí fọ́tò àríyá wọn lórí Instagram. Àwọn ọmọ ibòmíràn ló wà níbẹ̀. A ò ní sọ bí àwọn ọmọ náà ṣe múra.

Ó ń wù wá láti sọ fún yín pé ẹlòmíràn fi owó tó pọ̀ ju ìyẹn lọ ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan ránṣẹ́. Àwọn òbí dá àjọ, ẹlòmíràn mú ẹgbẹ̀rún kan wá, ẹlòmíràn mú gààrí. Àwa náà tọrọ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, lórí WhatsApp. Ẹ̀yin tí ẹ dáhùn ń ka èyí, ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ rí i tí ẹ dákẹ́ náà ń kà á. Àpapọ̀ rẹ̀ tó ìdajì. Àǹtí gbé e lọ bá onílé, ó bẹ̀ ẹ́ kó gba ti oṣù mẹ́fà ná. Ó gbà. Ó yẹ ká sọ pé onílé yìí kan náà ni àwọn ọmọ ti fi ṣe eré ní oṣù Keje, nígbà tí a ní kí wọ́n fúnra wọn kọ eré lórí ohunkóhun tó bá wù wọ́n, tí wọ́n sì kọ ọ́ lórí bàbá kan tó máa ń ti ẹnu kànga pa láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Onílé wá wo eré náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kànga ṣì wà ní títì láti agogo mẹ́fà.

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí, ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́kíṣọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ìdánwò tẹ̀lé ìdánwò, wọ́n fẹ́ fi oṣù mẹ́ta ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́fà. Àǹtí ti rí irú wa rí: àwọn tó wá pẹ̀lú agbára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n ní "a ń bọ̀", tí àwọn ọmọ sì ń wo ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ní ká ṣe kò ju ẹyọ kan lọ. "Ẹ má sọ pé ẹ ń bọ̀. Ẹ sọ ọjọ́." A ṣe tábìlì: ènìyàn méjì ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, ẹnì kẹta dúró sílẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan. Ọmọbìnrin onígúdúgúdú gbà á lọ́wọ́ wa, ó dà á kọ sínú ìwé àjákọ, ó wá ń mú orúkọ wa bí a ti ń mú orúkọ tiwọn. Àmì wà fún ẹni tó dé lásìkò, àmì wà fún ẹni tó pẹ́. Bí ẹnìkan nínú wa bá dé ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó máa fi ìwé náà hàn án láìsọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó epo gbéra sókè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ààrẹ tuntun sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sì tó oṣù méjì tí jálá epo tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦190 fi kọjá ₦500. Owó ọkọ̀ láti Yaba sí Muṣin gbéra pẹ̀lú rẹ̀. Fún ẹni tí kò gba owó, owó ọkọ̀ ni iṣẹ́ náà. Ẹ rò ó wò: ènìyàn méjì, àlọ àti àbọ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ dé Ojúẹlẹ́gbà, a ń fẹsẹ̀ rin èyí tó kù gba Agége Motor Road. Ìrìn náà kì í ṣe ìyà pátápátá. Ọ̀nà yẹn ni Kalakuta Fẹlá wà kí àwọn ṣọ́jà tó dáná sun ún ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, nígbà tí FESTAC ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Gbọ̀ngàn Ìṣeré ní Ìgànmú tí kò jìnnà síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ń kọjá ní Ìdí-Òro ni ọ̀kan nínú wa máa ń fẹ́ ṣàlàyé èyí fún wa. A ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ẹ máa fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ náà ti dà. Wọn ò tíì da nǹkan kan. Ọmọ ni wọ́n. Mẹ́ta ti kúrò. Ọ̀kan ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀gá rẹ̀ kì í sì í tú u sílẹ̀ ní Sátidé. Ọ̀kan bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Ìkòròdú. Ẹ̀kẹta kàn ṣíwọ́ wíwá, bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́nà á kí wa dáadáa. Ọmọ oníṣòwò Ládiípọ̀ ti gba ìyáàlù, Bàbá Onílù sì ti mú un lọ sí òde méjì, ó ní kó dúró sẹ́yìn òun kó máa gbọ́, kó má lù ú. Ọmọbìnrin onígúdúgúdú ti wọ kíláàsì àgbà. Ó ní òun fẹ́ ka ìṣirò owó. A bi í bóyá á jáwọ́ nínú ìlù. Ó ní kí ló kan ìṣirò owó pẹ̀lú ìlù.

Àwọn tó ń wá ní ìgbà kan ṣoṣo ṣì ń wá. Wọ́n á wọ tíṣáàtì tó jọra, wọ́n á kó bísíkíìtì wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. A ò bínú sí wọn; bísíkíìtì náà dùn. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé àwọn ọmọ kì í béèrè orúkọ wọn.

Ní báyìí, awọ kẹríkẹrì ti ya. Bàbá Onílù ní òun ti bá alápatà kan sọ̀rọ̀ nípa awọ ewúrẹ́, pé òun á rẹ ẹ́, òun á sá a, òun á wá fi ọsán fà á, pé kò lè yá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ bí oòrùn bá ràn. Ìlù márùn-ún ló ń dún lọ́wọ́lọ́wọ́, ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹnu ọ̀nà ńlá Yunifásítì la ti máa ń pàdé ní agogo méje ààbọ̀. Kó wọ bàtà tó ṣeé rìn. Bó bá débẹ̀ tí ọmọbìnrin kan tó mú ìwé àjákọ dání bi í pé ọjọ́ wo ló tún máa wá, kó ronú dáadáa kó tó dáhùn, nítorí bíírò ló fi ń kọ ọ́.